Ìyàwó Ló Ń Dáhùn, Ọkọ Ló Ń Túmọ̀

Àwọn ará Kétu kì í pe Gbénró Ògúntúndé lórúkọ. Áàtíìsì ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún tó ti kúrò ní Ìgbòho wá sí Èkó ló ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù, sára ọkọ̀ tó ń já ata àti tòmátì ní Máìlì 12, àti sára ògiri ilé tí ẹbí ń bá ara wọn jà lé lórí: "Ilé yìí kì í ṣe títà." Báńnà onírọ́bà ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn onímọ́tò ṣì ń wá a, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ gún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ìkòsì ló ń gbé, nínú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni àdììtú.

Ìwé ìròyìn Yorùbá kan wà tó ń jáde ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Lójú ewé kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ya àpótí kéékèèké sí, òmíràn funfun, òmíràn dúdú, bíi kurọ́ọ̀sìwọ́ọ̀dù àwọn òyìnbó. Ìbéèrè máa ń wà lábẹ́ àwọn àpótí náà, àmọ́ ìbéèrè ọ̀hún kì í sọ ojú abẹ níkòó. Wọ́n lè kọ ọ́ pé: "Àgbẹ̀ fi í roko, obìnrin fi í yangàn, lẹ́tà mẹ́ta." Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á jókòó, á máa ro ohun kan ṣoṣo tó lè wúlò fún àgbẹ̀ àti obìnrin. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á rántí pé a kì í kọ àmì ohùn sínú àpótí, pé ọkọ́ àti ọkọ, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé níbẹ̀.

Àdììtú yìí ló fún un níyàwó. Ọdún kẹrìndínlógójì rèé tó lọ kọ sáìnbọ́ọ̀dù fún ìyá kan tó ń ránṣọ ní Anthony. Ó ti kùn ún tán, ó ń dúró kí ọ̀dà gbẹ, ó wá mú ìwé ìròyìn tó fi tẹ́ ilẹ̀, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè fún ara rẹ̀: "Ìjìyà ṣubú bí ògiri, mo gbé e wọlé, lẹ́tà márùn-ún." Ọmọbìnrin kan wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, Ayọ̀ọlá lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tó gba fìrídọ́ọ̀mù. Kò gbójú sókè. Ó kàn ní, "Ìyàwó ni."

Gbénró béèrè bó ṣe mọ̀. Ọmọbìnrin náà ní òun ò mọ bí òun ṣe mọ̀, pé ó kàn wá sí òun lẹ́nu ni. Gbénró wo ọ̀rọ̀ náà títí, ó wá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pákó sáìnbọ́ọ̀dù. Ó ní ìjìyà, ìyà náà ni. Ohun tó bá ṣubú bí ògiri, ó wó ni. Ìyà, wó. Èwo sì ni ọkùnrin ń gbé wọlé? Ayọ̀ọlá dá ẹ̀rọ dúró, ó wá síta wá wo pákó náà. Ó ní òun ti ń dáhùn irú rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ẹnìkan kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún òun rí.

Bí wọ́n ṣe gbé e nìyẹn látìgbà náà. Ayọ̀ọlá á dáhùn, Gbénró á túmọ̀. Ọkùnrin yìí kì í tètè rí ìdáhùn. Ojú rẹ̀ ti mọ́ lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan jù, bí ẹni tó ń ka ewé tí kò rí igi. Ti obìnrin náà yàtọ̀: á gbọ́ ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, ìdáhùn á jáde, àmọ́ bí o bá ní kó ṣàlàyé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bímọ, tí wọ́n sọ ọ́ ní Adédiwúrà, ọmọ náà dàgbà sáàárín ohùn tó ń bọ́ sílẹ̀ bí òkò àti ohùn tó ń rọra hú u jáde. Kò fẹ́ràn àdììtú. Ó ní ó ń mú orí fọ́ òun.

Adédiwúrà di nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ ọkọ, wọ́n lọ sí Kánádà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló bí ọmọ kejì, Ọládiméjì. Àkọ́bí rẹ̀, Tiwa, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Wọ́n ní kí màmá wá tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Wọn ì bá pe Gbénró náà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, dókítà sì kìlọ̀ fún un nípa ìrìn tó jìn nínú ọkọ̀ òfuurufú. Gbénró fúnra rẹ̀ ló di àpótí ìyàwó rẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ sí i lára, lẹ́tà funfun lórí àpótí dúdú, kó má bàa sọnù.

Oṣù mẹ́fà di ọdún kan. Iṣẹ́ Adédiwúrà kò ní ètò. Ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Wọ́n sún ọjọ́ fìsà màmá síwájú, wọ́n tún sún un. Kò sẹ́ni tó jókòó sọ fún Gbénró pé bó ṣe máa rí nìyí. Nígbà tó yá ló kàn rí i pé òun ti mọ ọbẹ̀ sè.

Muideen, tó ń ta ìwé ìròyìn ní Kétu, kì í jẹ́ kí tirẹ̀ tán. Bí Gbénró bá ti gbà á, á ya fọ́tò ojú ewé kẹsàn-án, á fi ránṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Kánádà, ọ̀sán á ti gùn ní Ìkòsì, ohùn Ayọ̀ọlá á wọlé sórí fóònù: ìdáhùn mẹ́wàá, méjìlá, láìmí. Gbénró á kọ wọ́n sínú àpótí. Lẹ́yìn náà á gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, á túmọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi ránṣẹ́ padà.

Lọ́sẹ̀ kan ó gbìyànjú láti dá a ṣe kó tó fi ránṣẹ́. "Nǹkan ọbẹ̀ fara sin sí gbàgede, lẹ́tà mẹ́ta." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rò ó. Ó tilẹ̀ dìde lọ dúró ní gbàgede ilé tirẹ̀, níbi tí Ayọ̀ọlá ti máa ń sá ẹ̀fọ́, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tó fi ránṣẹ́, ìdáhùn dé kíá: "Edé ni." Ó wá rí i pé inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni wọ́n fi edé pamọ́ sí, ní ìdí rẹ̀: gbàg-ede. Ó rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àga kejì láti sọ ọ́, àga náà sì ṣófo. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́ nínú mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọdún kejì, ohùn Ayọ̀ọlá kò yá mọ́. Nígbà mìíràn ó di ọjọ́ Mọ́ńdè kó tó dáhùn. Á ní òjò yìnyín rọ̀, á ní òun lọ mú Tiwa nílé ìwé, á ní Ọládiméjì kò sùn. Ìdáhùn á pé, ṣùgbọ́n kì í béèrè nǹkan kan lẹ́yìn wọn mọ́. Gbénró ṣì ń túmọ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan wá dé, nínú ọyẹ́. Ìbéèrè kẹrin lọ báyìí: "A ń dáná síbẹ̀, ó ń sọ ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ rìn jìnnà, lẹ́tà mẹ́rin." Gbénró kò nílò ẹnikẹ́ni fún ìyẹn. Kó tó ka ọ̀rọ̀ náà dópin ló ti mọ̀ ọ́n. Ààrò la ti ń dáná. Àárò ló ń sọ ènìyàn. Ó gbé bírò sórí àpótí, ó tún gbé e kúrò. Ó ní òun kò ní kọ ọ́, òun á jẹ́ kí Ayọ̀ọlá sọ ọ́. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́.

Ìdáhùn dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìbéèrè mọ́kànlá, ó dáhùn mẹ́wàá. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, Ayọ̀ọlá ní, "N kò rí ìyẹn o, Bàbá Diwúrà," ó sì kọjá sí ìkarùn-ún.

Gbénró gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Láti ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù Anthony, kò rántí ọjọ́ kan tí obìnrin yìí pàdánù èyí tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ó rí i. Ó mọ̀ pé kò lè gbé e sórí ètè ni. Ó pè é lójú ẹsẹ̀, ó sì béèrè ohun tí kò béèrè láti ọdún méjì.

"Ayọ̀, ìgbà wo lo máa wálé?"

Obìnrin náà ní òun ń fẹ́ wálé lójoojúmọ́. Ó ní òun máa ń jí, òun á kọ́kọ́ nawọ́ sí ibi tí fèrèsé Ìkòsì wà, ògiri ni òun á bá. Ṣùgbọ́n Adédiwúrà kò ní ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí Gbénró kò mọ̀. Ó ní Tiwa kò gbọ́ Yorùbá nígbà tí òun dé, pé bí òun bá bá a sọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń wo òun bí ẹni tó ń wo àlejò. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà bá òun nídìí fọ́tò ojú ewé kẹsàn-án, ó béèrè ohun tó jẹ́. Òun sọ ìdáhùn kan fún un. Ọmọ náà ní, kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn?

"Ẹ mọ̀ pé n kì í lè ṣàlàyé," Ayọ̀ọlá sọ. "Mo wá fi ohùn yín sí i fún un. Látìgbà náà, kò sí èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ tí kò gbọ́. Tó bá parí, á ní kí n tún un fi. Ó ti mọ ohùn yín ju tèmi lọ."

Gbénró ti rò pé òun ń da omi sínú agbọ̀n.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, fóònù dún lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ojú Tiwa ló sì kún inú rẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Ó gbé ìwé kan dání, ó ti fi kíréyọ́nù kọ nǹkan sí i. Ìbéèrè kẹsàn-án ọ̀sẹ̀ náà ló fẹ́ ṣàlàyé, ó sì kà á bí ẹni tó ń tẹ ẹrẹ̀: "Èkó kẹ̀yìn sí wa, a ń gùn ún, lẹ́tà mẹ́ta."

"Grandpa, ó gbọ́ mi?" ó béèrè.

Ohùn Ayọ̀ọlá wá láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ mi."

"Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èkó, ẹ kà á láti ẹ̀yìn. O, k, e. Òkè. Mountain. A ń gun òkè."

Gbénró ní ó gbà á, ó gbà á pátápátá. Ọmọ náà fẹ́ mọ̀ bóyá Èkó ní òkè. Bàbá rẹ̀ àgbà ní kò ní, omi ló ní, pé òkè wà ní Ìgbòho, òkúta ńlá tí ènìyàn lè gùn títí ẹsẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Tiwa ní òun á wá gùn ún. Nígbà tí wọ́n pa fóònù, Gbénró lọ bọ́jú nínú báfù omi ẹ̀yìnkùlé, nítorí Muideen ti sọ pé òun ń bọ̀ wá gba páálí tó ní kó bá òun kọ, kò sì fẹ́ kí ó rí omi lójú òun.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń túmọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Á pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sọ ohun tí igbà jẹ́ fún ọmọ tí kò rí ọ̀pẹ rí. Nígbà mìíràn àlàyé kan á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, Ayọ̀ọlá wálé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Adédiwúrà rí gbà níbi iṣẹ́, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ó ti tóbi díẹ̀ sí i, kò lè daṣọ bora sùn, ó ní ooru Ìkòsì ti di àjèjì sí òun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó gbá gbogbo ilé, ó ń kùn pé ọkùnrin kì í mọ igun ilé gbá. Gbénró ń tẹ̀ lé e láti yàrá dé yàrá, kò ṣe nǹkan kan.

Sátidé mẹ́ta ni wọ́n ní. Ní ti àkọ́kọ́, Ayọ̀ọlá dáhùn gbogbo rẹ̀ kí tíì wọn tó tutù. Ní ti ìkejì, Gbénró bẹ̀rẹ̀ sí í fa àlàyé rẹ̀ gùn. Bó bá kan orí àti ìró, tí wọ́n kọ pé "Orí dojú délẹ̀, obìnrin so ó mọ́dìí," á sọ bí a ṣe yí lẹ́tà padà, á tún sọ ti ìró tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n, á sọ ti aláró tó rẹ ẹ́. Ayọ̀ọlá mọ ohun tó ń ṣe. Kò dá a dúró. Ní ti ìkẹta, òun fúnra rẹ̀ kò yára dáhùn mọ́. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìtì igi tí ọkọ rẹ̀ ń gbé ọ̀dà lé, ó ní kó tún ìbéèrè kejì kà fún òun. Ó tún un kà. Oòrùn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè márùn-ún ṣì kù.

"Bí mo bá padà lọ," ó sọ fún un, "ẹ má jẹ́ kó sú yín."

Gbénró ní kò ní sú òun.

Ó sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Túsìdé. Ní Sátidé, ó gba ìwé lọ́wọ́ Muideen, ó gbé e sórí tábìlì, kò ṣí i. Ó lọ kọ nọ́ḿbà sára ọkọ̀ kan ní Máìlì 12, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ kejì ló tó ṣí ojú ewé kẹsàn-án. Ó dá ìdáhùn mẹ́ta rí fúnra rẹ̀. Ó kọ wọ́n sínú àpótí, ó ya fọ́tò ìyókù, ó sì fi ránṣẹ́ sí Ayọ̀ọlá àti Tiwa.