Ìbọn Tí Àjàgbé Yàn

Àgùntàn àkọ́kọ́ tó kú ní abà Àjàgbé, abo tó lóyún ni. Ọ̀sán gangan ni, òun àti Hàjàrá ìyàwó rẹ̀ wà lórí ebè iṣu, igbe kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbọ́. Kí wọ́n tó sáré débẹ̀, ọ̀fun ẹran náà ti ya, ó ti kú láìrí ọ̀bẹ. Mùsùlùmí kì í jẹ òkú ẹran. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n sin ín.

"Ìkookò ni," Àjàgbé wí.

"Ìkookò wo ló ń rìn lọ́sàn-án?"

"Èyí tí ebi ń pa."

Ohun tó mú un gbà bẹ́ẹ̀ ni ṣaworo tó gbọ́ nínú igbó. Ní agbègbè Kambolé, ajá ọdẹ nìkan ni wọ́n ń so ṣaworo mọ́ lọ́rùn. Ibi tó bá ti dún, ọkàn olóko a balẹ̀, nítorí ajá ọdẹ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í fẹnu kan ẹran ọ̀sìn. Àjàgbé mọ ohùn ṣaworo yìí. Ti ajá Fàtáì ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ó rò pé àwọn ajá ọ̀rẹ́ òun ló ń lé ìkookò náà kiri.

Fàtáì fúnra rẹ̀ kò sí nílé. Ọdún yẹn ni ìròyìn dé pé ìbọn dún ní Lomé, olú-ìlú, tí àwọn ológun sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú abà kiri lẹ́bàá ẹnubodè. Wọ́n rí ìbọn Fàtáì lábẹ́ iṣu nínú àká. Ìbọn tí bàbá rẹ̀ fi ń pa ìgalà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ ti jẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè. Wọ́n gbé e lọ sẹ́wọ̀n ní Sokodé. Láti ọjọ́ náà, ẹnu Kambolé kò pe ìbọn mọ́. "Igi" ni wọ́n ń pè é.

Kò pẹ́ tí àgùntàn méjì mìíràn fi kú. Lọ́jọ́ yẹn, Hàjàrá jókòó sẹ́nu ọ̀nà agbo, ó fi ọwọ́ lérán.

"Bàbá Sàfúrátù, bàbá mi ló fà wọ́n lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń bọ̀ wá ilé yín. Bí òmíràn bá tún kú, màá da ìyókù síwájú, ó di ilé bàbá mi ní Koussountou. N kò ní jókòó kí wọ́n jẹ ogún mi tán lójú mi."

Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba Àjàgbé lẹ́rù.

Ó lọ bá Tìjání ní Sokodé. Àbúrò Hàjàrá ni Tìjání, alùpùpù ló fi ń gbé èrò nígboro. Tìjání gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́ sí kọjá, Àjàgbé kò yí ojú síbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé kan ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ọkùnrin kan tó ń rin pákò tú àpò, ó fa ìbọn òyìnbó ẹlẹ́nu méjì jáde.

"Ẹ gbé e wò, ẹ̀gbọ́n," Tìjání wí. "C'est du bon, ojúlówó ni. Bí ọ̀kan bá tàsé, èkejì á bá a."

Àjàgbé gbé e. Ó bá èjìká rẹ̀ mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún un. Inú rẹ̀ dùn sí i, ìdùnnú náà sì bà á lẹ́rù. Nígbà tó yí i padà, ó rí i pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha àmì kan kúrò lára ìdí rẹ̀.

"Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín," ọkùnrin náà dáhùn.

"Tẹ́lẹ̀, mo ní."

Ọkùnrin náà tu pákò dànù. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi ṣaya ni, tí ẹ fi ń bèèrè ọkọ àárọ̀ rẹ̀?"

Tìjání rẹ́rìn-ín. Àjàgbé ń wo ojú ọ̀nà lọ́kàn: ìdènà tó wà ní Tchamba lójú ọ̀nà ilé, ọwọ́ ológun tó ń tú inú àpò àgbàdo. Ó dá ìbọn náà padà sórí àpò.

"Igi bàbá Jímọ̀ alágbẹ̀dẹ lẹ fẹ́ lọ gbé nìyẹn?" Tìjání bi í bí wọ́n ti ń jáde. "Ìkookò á jẹun tán, á ta eyín, á tún sùn díẹ̀, ẹ ó ṣì máa ki ẹ̀tù."

"Ìbọn tí n kò lè gbé rìn lójú pópó, kì í ṣe ìbọn oko, Tìjání."

Jímọ̀ alágbẹ̀dẹ ní ṣakabùlà kan tó ti gbé lọ fi han olóyè ìlú lójú gbogbo èèyàn. Ara ògiri àgbẹ̀dẹ ló ń gbé e kọ́. Ẹni tí ẹranko bá ń dà láàmú á wá gbé e láàárọ̀, á gbé e lé èjìká gba àárín ìlú kọjá, á sì dá a padà kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́. Ẹni tí kò bá dá a padà, Jímọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun olóyè. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi sí ilé tí ìbọn ń sùn sí.

"Kí lo fẹ́ fi pa?" Jímọ̀ bi í.

"Ìkookò ni, bàbá."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún o. Mọ ohun tí o fẹ́ pa kí o tó fọwọ́ kàn án."

Àjàgbé ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ṣaworo dún lápá ibi igi òrí. Ó ti ibi ààbò rẹ̀ yọjú láti wo ìkookò tí àwọn ajá ń lé bọ̀. Kò sí ìkookò. Ajá mẹ́rin ló ń bọ̀, eegun ìhà wọn hàn, wọ́n sì dorí kọ agbo láìgbó. Pupa tó wà níwájú, tí ṣaworo wà lọ́rùn rẹ̀, Tanímọ̀la ni, àyànfẹ́ Fàtáì. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú olówó rẹ̀ lọ, kò dúró nílé mọ́. Ó ti kó àwọn ajá tí kò nílé jọ, ó sọ ara rẹ̀ di ọdẹ fún wọn.

"Kí lẹ ń wò?" Hàjàrá wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Tanímọ̀la," Àjàgbé pè é.

Ajá náà dúró. Ó gbé etí sókè, ó wo ojú rẹ̀, ìrù rẹ̀ mì díẹ̀. Mẹ́ta yòókù ti ń tẹ ọgbà agbo wọlé, àgùntàn ń kígbe. Ọta kan ni ń bẹ nínú ìbọn. Bí ó bá pa òmíràn, Tanímọ̀la á kó ẹgbẹ́ mìíràn wá lọ́la. Àjàgbé yìnbọn nígbà tí ajá náà ṣì ń wò ó.

Èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó ká kúrò, àwọn mẹ́ta ti sá wọ igbó lọ, wọn kò sì padà wá mọ́. Hàjàrá ka àgùntàn rẹ̀, wọ́n pé. Kò tún dárúkọ Koussountou.

Fàtáì dé nígbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Kí ẹlòmíràn tó lè ròyìn ajá náà fún un, Àjàgbé ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn títí tí kò fi sí ìkíni mọ́.

"Tanímọ̀la ńkọ́?" Fàtáì bèèrè.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ gbé igbá, ó wọlé.

"Èmi ni mo pa á. Àgùntàn Hàjàrá mẹ́ta ló ti pa."

Fàtáì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé ó dá ọ mọ̀?"

Àjàgbé ì bá purọ́. Yàtọ̀ sí Hàjàrá, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. "Mo pè é lórúkọ, ó dúró. Ibi tó dúró sí ni mo pa á sí."

Fàtáì gbé ojú sókè. "Bí kò bá dúró ni, o ì bá tàsé. Igi Jímọ̀ kì í bá ohun tó ń sáré." Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní. "Jókòó."