Ilẹ̀ tí Ṣàkírátù fi sílẹ̀ kó sinmi

Ní Dapoya, àdúgbò kan ní Ouagadougou, ni Ṣàkírátù ti ń ta aṣọ, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí abúlé ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, lẹ́yìn ìlú, láti gbin ẹ̀pà. Ilẹ̀ méjì ló ní níbẹ̀: ó ń ro ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ kó sinmi.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó dé oko, ó bá ahéré mẹ́rin lórí ilẹ̀ tó ń sinmi. Wọ́n ti gé igi òrí méjì dáná. Ó yà tààrà sí ọ̀dọ̀ Zakari, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló fún wọn ní ilẹ̀ mi?”

“Èmi ni. Ogun ló lé wọn kúrò ní àríwá. Ibo ni kí n ní kí wọ́n lọ, ìyàwó wa?”

“Ẹ ò tiẹ̀ bi mí! Bí ilẹ̀ yẹn ò bá sinmi, kí ni yóò hù níbẹ̀ lọ́la?”

Ilẹ̀ ìdílé ni, opó sì ni Ṣàkírátù, kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn ún.

Ó lọ bá àwọn àlejò náà. Obìnrin kan, Halimatou, jáde sí i pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

“Ẹ má bínú, ìyá. A ò mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín.” Ó nawọ́ sí ibi yangí pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. “Ta ló ni ìyẹn?”

“Ta ni yóò du yangí? Koríko gan-an kì í hù níbẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká ro ó. Irú rẹ̀ là ń ro lọ́dọ̀ wa.”

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń gbẹ́ ihò kéékèèké sínú yangí náà, wọ́n ń da ìgbẹ́ màlúù sí i. Ṣàkírátù fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òjò rọ̀, ọkà bàbà wọn ga jù ú lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ gbé ọkọ́, ó ní kí Halimatou kọ́ òun.

Ahéré ti di mẹ́sàn-án báyìí. Ilẹ̀ tí Ṣàkírátù ń ro kò sinmi mọ́, ẹ̀pà rẹ̀ ń kéré sí i, ọjà ló sì ti ń ra òrí. Ó sọ fún mi pé inú òun ò tíì rọ̀ tán. Síbẹ̀, bó bá dé oko, ẹnu ọ̀nà Halimatou ló ti ń kọ́kọ́ mu omi.