Bàálù Tí Jímọ̀ Rì Sínú Òkun

Ẹ̀bi Jímọ̀ kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó lọ bínú sí àwọn onísinimá tí wọ́n gbé fíìmù tí ò pé wá sí Ọ̀fà, tí wọ́n ní kó máa dá èrò lóhùn.

Jímọ̀ ò kàwé. Télọ̀ ni. Níbi tó ti ń rán ṣòkòtò fáwọn òṣìṣẹ́ reluwé ló ti kó gẹ̀ẹ́sì jọ lẹ́nu wọn. Bí mọ́tò sinimá bá ti dé, òun ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n so kọ́, á máa fi Yorùbá sọ ohun táwọn òyìnbó inú ẹ̀ ń sọ. Èyí tí kò bá gbọ́, á fi tiẹ̀ dí i. Tiẹ̀ yẹn gan-an làwọn èèyàn fẹ́ràn jù.

Lọ́dún 1959, fíìmù bàálù kan ni wọ́n gbé wá. Bàálù kún fọ́fọ́, ó wà lókè òkun, iná sì sọ lára ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin inú ẹ̀ ń sunkún, páílọ́ọ̀tì ń làágùn. Ibẹ̀ ni aṣọ ti ṣófo. Onímọ́tò rọra sọ fún Jímọ̀ pé apá tó kẹ́yìn ò sí nínú àpótí, ó ti bá reluwé lọ sí Ìlọrin. Àwọn èrò ò dìde. Wọ́n ń bi í pé kí ló wá ṣẹlẹ̀.

Ṣé kó dákẹ́ ni? Ó ní bàálù já sínú òkun, ẹnì kan ò yè é.

Ìyá ẹ̀, Asiata, wà láàárín wọn. Ọdún yẹn ló fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, orúkọ ẹ̀ ti wà lára àwọn tí bàálù máa gbé ní Kánò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti tú ẹrù ẹ̀ palẹ̀.

Jímọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa, òun ò rí òpin fíìmù.

"Kí ló wá gbẹ̀yìn wọn?"

"Ìyá mi, mi ò mọ̀."

"Ṣé o rí i."

Jímọ̀ ò lè jókòó ti máṣíìnì mọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án káwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà wọ reluwé. Ló bá gba Ìlọrin lọ, ó ń wá mọ́tò sinimá láti àdúgbò dé àdúgbò. Ọjọ́ kẹta ló bá a, ìdúró ló sì wo fíìmù ọ̀hún. Bàálù ń gbọ̀n, ó ń fì síbí fì sọ́hùn-ún, àmọ́ ó balẹ̀. Gbogbo wọn fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Jímọ̀ sunkún.

Nígbà tó délé rò ó, ìyá ẹ̀ wò ó. "Ẹnu yìí náà ló pa wọ́n. Òun náà ló tún jí wọn. Èwo ni kí n gbà?" Ó ní tó bá dá a lójú, kó lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo àwọn tó purọ́ fún.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín dójú ikú. Àlàbí alápatà ní òun ti ṣàdúà fáwọn òkú yẹn, ta ló máa dá a padà fóun? Láti ọjọ́ yẹn, tíṣà kan ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ nídìí sinimá, ọ̀kan tí kì í sọ ju ohun tó bá gbọ́ lọ. Àwọn èèyàn ń sùn.

Àmọ́ ìyá ẹ̀ di ẹrù ẹ̀ padà, ó lọ, ó sì bọ̀ ní Alhaja. Ọ̀sẹ̀ tó dé, ilé kún fáwọn obìnrin. Ó ń ròyìn fún wọn pé àwọn wà lókè òkun, iná sọ lára ẹ́ńjìnnì, páílọ́ọ̀tì ń làágùn. Àwọn obìnrin káwọ́ mọ́rí.

Jímọ̀ gbójú sókè nídìí aṣọ tó ń rán.

"Kí lo fẹ́ sọ?" Alhaja bi í.

"Kò sí, Ìyá mi."