Fèrè Tí Kò Dún

Bọ́ọ̀lù kan gba ihò ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n wọlé lọ́jọ́ kan, Onífèrè tó ń ṣe rẹfirí ní góòlù ni. Gbogbo èrò ìwòran rí ihò náà. Òun nìkan ni kò rí i. Láti ọjọ́ yẹn, eré kì í bẹ̀rẹ̀ kó má tíì fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ àwọ̀n méjèèjì wò. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹfirí ló fi ń yangàn.

Nígbà tí ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ó ń ṣẹ́jú sí obìnrin. Wọ́n ṣì í rò. Agbára àtilà ni ojú náà kò ní. Bó bá sinmi, á là. Bó bá ṣiṣẹ́ pẹ́, á tún wálẹ̀. Kò pẹ́ tó ń rí bọ́ọ̀lù kan bíi méjì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń rẹ̀ ẹ́ kó tó jẹun tán.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, là á yé e. "Bàbá, kì í ṣe ojú ló ń ṣe yín. Àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àrùn jà. Àwọn kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n dá ìyókù lẹ́kun. Nínú ara tiyín, àwọn adánilẹ́kun yìí ò lágbára mọ́. Àwọn ọmọ ogun wá kọjú ìjà sí onílé. Ibi tí iṣan ti ń gba àṣẹ ni wọ́n ń bà jẹ́."

"Rẹfirí inú mi ti sá kúrò lórí pápá nìyẹn?"

"Kò sá o. Ó dúró síbẹ̀. Fèrè rẹ̀ ni ò dún."

Ìyàwó Onífèrè, tó bá a wá, bi dókítà pé, "Ṣé kí n ra oògùn amáralókun fún un?"

"Ìyá, ṣé ẹni tó ń lù yín lẹ máa bọ́ yó?"

Dókítà fún un ní oògùn tí yóò ran iṣan lọ́wọ́, àti èyí tí yóò dín agbára àwọn ọmọ ogun náà kù. Ó kìlọ̀ pé bí èémí bá bẹ̀rẹ̀ sí í há, kó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ àṣekágbá dé, àwọn káfíńtà àti àwọn oníbúrẹ́dì ló fẹ́ gbá a.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó wí, "ẹ jẹ́ kí obìnrin alásíá yẹn, tó ń ràn yín lọ́wọ́ létí pápá, fọn fèrè lónìí."

"Kí wọ́n lè ní mo sá fún káfíńtà?"

"Ẹ̀mí lèmi ń sọ, ẹ̀yin ń sọ káfíńtà!"

Ó lọ. Eré ti fẹ́ parí nígbà tí káfíńtà kan gbá oníbúrẹ́dì kan lẹ́sẹ̀. Èyí dìde, ó fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Onífèrè ki fèrè bọnu, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kọ̀, kò pa dé. Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde.

"Onífèrè, ṣé iná lẹ̀ ń fẹ́ ni?" ni ẹnì kan ké láàárín èrò ìwòran.

Ẹ̀rín gba pápá. Ó tún fọn ọ́n, kò dún. Ìjà ti ràn, ẹnì kan ti wà nílẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ gún un níhà. Onífèrè sáré sáàárín wọn, ló bá rí i pé èémí òun kò dé ìsàlẹ̀ àyà mọ́. Bó bá bọ́ fèrè sílẹ̀, ìtìjú ni. Bó bá tún dúró fọn ọ́n, àfàìmọ̀ kí òun àti ẹni tó wà nílẹ̀ má bá a lọ.

Ó bọ́ okùn fèrè lọ́rùn, ó nà án sí alásíá.

Alásíá já a gbà, ó sì fọn ọ́n. Ó dún kíkankíkan. Gbogbo ẹsẹ̀ dúró.

Àwọn kan ń sọ pé Onífèrè dákú lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni. Ó jókòó sórí koríko ni, ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ilé ìwòsàn," ni Onífèrè wí. Imú ni ọ̀rọ̀ náà gbà jáde.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀," ni ìyàwó fèsì, ó sì ti gbé e léjìká.

Nílé ìwòsàn, ẹ̀rọ ló ń bá a mí fún ọjọ́ mélòó kan kí àyà rẹ̀ tó gbà á padà. Ìgbà tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ó wà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe láàárọ̀. Bí eré bá wà, ẹ̀yìn góòlù ló ń jókòó sí, lórí àga, nítòsí àwọ̀n.