Ẹ̀yìn Orí Kò Sí Nínú Fóònù

Òórùn irun àtọwọ́dá tí iná jó lẹ́nu ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìwó, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Bí a bá di irun tán, a ó fi iná àbẹ́là jó ẹnu rẹ̀ kí ó má baà tú. Òórùn yẹn á dàpọ̀ mọ́ ti ìpara àti ti omi gbígbóná inú fúláàsì, títí yóò fi wọ aṣọ wa lára. Tí mo bá wọ mọ́tò lọ sílé, ẹni tó bá jókòó tì mí á ti mọ iṣẹ́ tí mò ń kọ́ kí n tó lanu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló dára fún mi, nítorí pé lílanu yẹn ni mi ò fẹ́.

Iwájú dígí ni a máa ń gbé fóònù oníbàárà sí. A ó fi ti agolo ìpara kí àwòrán inú rẹ̀ lè dojú kọ wá, a ó sì máa wò ó bí a ti ń dirun. Òfin ọ̀gá mi kò ju ọ̀kan lọ: "Ohun tó wà nínú fóònù ni kó o ṣe. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀." Kì í ṣe pé wọ́n le. Wọ́n ti rí ọjọ́ tí oníbàárà wo dígí, tó bú sẹ́kún pé irun tí òun mú wá kọ́ nìyí, tó sì tú gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn onídìrí bọ̀rọ̀.

Àwa méjì là ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ Ilé-Ogbó ni ẹnì kejì mi. Bí o bá gbé àwòrán fún un, nígbà tó bá fi máa ṣe tán, o ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín obìnrin inú fóònù àti èyí tó jókòó lórí àga. Ẹnu rẹ̀ náà mú. "Ìyá Dákẹ́" ló ń pè mí. Oníbàárà kò ní tíì jókòó tán tí yóò fi ní, "Ìyá Dákẹ́, kí wọn. Wọn ò ní gé ẹ jẹ."

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó padà sí oko, ojú sì máa ń tì mí níwájú àwọn ará ìgboro. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wàhálà mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ mi ni wàhálà mi. Màá bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó bá yá, màá rí i pé orí tó wà níwájú mi gùn ju ti inú àwòrán lọ, tàbí pé irun rẹ̀ ń yí lọ sápá kan fúnra rẹ̀, ọwọ́ mi á sì tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá. Ìlà gbọọrọ ló wà nínú àwòrán tó mú wá, ìlà tèmi sì yí gba ẹ̀gbẹ́ etí ọmọ náà kọjá. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á. Ìyá rẹ̀ ní kí a tú u.

Ọ̀gá mi fúnra wọn ló tú u. Nígbà tí ìyá àti ọmọ náà lọ tán, ọ̀gá mi pè mí. "Mi ò ní bú ẹ," ni wọ́n wí. "Ọmọ gidi ni ẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ kì í gbọ́ràn. Tí oṣù yìí bá parí, màá ní kí ìyá ẹ wá mú ẹ. Bóyá aṣọ rírán ló máa bá ẹ lára mu."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí ó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ní abúlé wa lọ́nà Kuta, ìyá tó bí ìyá mi ló ń di irun gbogbo àwa ọmọdébìnrin ilé. Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n á ti orí rẹ bọ àárín orúnkún wọn, o ó sì máa gbóòórùn ẹ̀fọ́ àti èéfín lára ìró wọn. Kí wọ́n tó fi òòyà kàn ọ́ lórí, wọ́n á bi ọ́ pé, "Kí lo rí lónìí?" O gbọ́dọ̀ dáhùn. Ohun tí o bá rí ni wọ́n á dì sí ọ lórí. Mo ti sọ fún wọn rí pé ìjàlọ ni mo rí, wọ́n sì di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lé ara wọn láti iwájú orí dé ìpàkọ́. Àwọn ọmọ yòókù á wá yí ọ ká, wọ́n á máa fòye gbé ohun tí o rí. Èmi tí mi ò lè sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́, orí mi ń bá mi sọ ọ́. Mo ti rò pé iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ní Ìwó nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù yẹn kan náà ni obìnrin tó ń darí kọ́ọ̀yà ṣọ́ọ̀ṣì náà wọlé. Olùkọ́ ni wọ́n nílé ìwé, Tíṣà ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Kọ́ọ̀yà fẹ́ ṣe eré orin lọ́jọ́ kejì. Wọn kì í wọ aṣọ kọ́ọ̀yà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í dé fìlà. Aṣọ funfun lásán ni wọ́n ń wọ̀. Wíìgì ni Tíṣà máa ń dé lórí, ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú, bí wọ́n ti ń ju ọwọ́, wíìgì náà yí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo etí wọn kan.

Ọmọ Ilé-Ogbó rọra sọ sí mi létí pé, "Wíìgì tó fẹ́ dá orin tiẹ̀ kọ."

Tíṣà gbọ́. Wọ́n ní, "Ó kọ ọ́ náà. Ohùn kejì ló mú." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọ Ilé-Ogbó sì sá lọ mú òòyà.

Wọ́n gbé fóònù wọn síwájú dígí. Obìnrin arẹwà kan ló wà nínú rẹ̀, ó dojú kọ wá, irun rẹ̀ fò sókè láti iwájú bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ọmọ Ilé-Ogbó bẹ̀rẹ̀, èmi ń na irun àtọwọ́dá sí i lọ́wọ́. Ó ṣe iwájú náà láìyẹsẹ̀. Nígbà tó dé àárín orí, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ọ̀gá mi ń fi kírímù na irun oníbàárà mìíràn lọ́wọ́. Kírímù yẹn kì í dúró de èèyàn. Bó bá pẹ́ lórí, á bó awọ. Wọ́n ní kó wò ó dáadáa nínú àwòrán. Ọmọ Ilé-Ogbó fi ìka fa àwòrán sọ́tùn-ún, ó fà á sósì. Nígbà tó sú u, ó gbé fóònù náà, ó yí i padà, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò purọ́ fún ọ. Ó wo ẹ̀yìn fóònù bí ẹni tó rò pé ẹ̀yìn orí obìnrin náà á wà níbẹ̀. Ó wá rántí ara rẹ̀, ó rọra dá a padà. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. A wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, iwájú kan náà la rí.

"Ẹ jẹ́ ká kàn kó o jọ sẹ́yìn, ká so ó pọ̀," ni ọ̀gá mi wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Tíṣà. "Ìyá onídìrí, ẹ̀yìn mi ni gbogbo ìjọ ń wò. Kọ́ọ̀yà nìkan ló ń rí ojú mi."

Kò sí ẹni tó ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ilé-Ogbó ju òòyà sílẹ̀. "Ohun tí mi ò rí, mi ò lè ṣe é," ló wí, òótọ́ ló sì sọ.

Mi ò mọ ohun tó tì mí. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ tó ní, "Tíṣà, kí lẹ rí lónìí?"

Ọmọ Ilé-Ogbó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi gbójú sókè láti ibi kírímù. Tíṣà wò mí nínú dígí, wọ́n rí i pé mi ò ṣàwàdà. "Lónìí?" ni wọ́n wí. "Orin nìkan ni mo rí o. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ó." Wọ́n wá ń ṣàlàyé rẹ̀, ọwọ́ wọn ń lọ sókè sódò. Ohùn àwọn obìnrin ló ń ṣáájú, ti àwọn ọkùnrin á jáde láti ibòmíràn, wọ́n á máa súnmọ́ra. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pàdé, gbogbo wọn á dákẹ́, kí wọ́n tó jọ parí rẹ̀ ní ohùn kan. "Ìdákẹ́ yẹn ni wọn kì í jẹ́ kó pé," ni wọ́n wí. "Ẹnì kan á ṣáà fẹ́ fi nǹkan dí i."

Mo ti mú òòyà. Mo fi ìrù rẹ̀ la irun wọn nísàlẹ̀, mo sì rí àpá kan ní ìpàkọ́, tó tó àtàǹpàkò mi, irun kì í hù níbẹ̀. Tíṣà fọwọ́ kàn án kíá. "Omi gbígbóná ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wíìgì ló ń bá mi bò ó."

Mo rántí ebè ìyá àgbà. Tí ebè bá dé ibi ọ̀gán, wọn kì í wó ọ̀gán. Ebè á yí i ká, á sì máa lọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ ṣe ìdákẹ́ yẹn, mà."

Tíṣà mú ọwọ́ kúrò lórí àpá náà. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹrí ba síwájú kí n lè rí ìpàkọ́ wọn dáadáa.

Mo dì í. Àwọn ìlà kan bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí, àwọn kan láti ẹ̀yìn etí, kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí èkejì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń súnmọ́ra. Nígbà tí wọ́n dé ibi àpá, wọ́n yí i ká láìfara kàn án, wọ́n sì lọ pàdé lókè ọrùn ní ìdì kan ṣoṣo. Ọ̀gá mi fọ kírímù tán, wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi. "Kí ló dé tó o fi àpá sílẹ̀? Bò ó."

Mo mọ̀ pé bí mo bá bò ó, ó ṣeé ṣe kí n ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn lóṣù tó ń bọ̀.

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán," ni Tíṣà wí.

Nígbà tí mo parí, ọ̀gá mi fi fóònù ya ẹ̀yìn orí náà, wọ́n gbé e fún Tíṣà. Tíṣà wò ó, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, wọ́n tún wò ó. "Mi ò rí ibẹ̀ rí láyé mi," ni wọ́n wí. Wọ́n kó wíìgì wọn sínú àpò, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà, nítorí mi ò wọ ibẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbé fóònù sókè tí wọ́n ń ya eré. Tíṣà dúró níwájú, wọ́n kẹ́yìn sí gbogbo wa. Nígbà tí ohùn àwọn ọkùnrin jáde láti ibi tí mi ò rò, mo mọ ìlà tó jẹ́. Orin náà ń súnmọ́ra, ó dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan dí i. Obìnrin tó wà níwájú mi gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ojú ara rẹ̀ wò. Èmi náà ń wo àpá kékeré yẹn tó ń dán nínú iná, ó sì ṣe mí bíi pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo èèyàn, láìlanu.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù wá, ẹ̀yìn orí Tíṣà ló sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ilé-Ogbó ń ṣe é fún wọn, ó ń ṣe é láìyẹsẹ̀, títí kan ojú àpá, lórí ẹni tí kò ní àpá. "Ìyá Dákẹ́," ló wí fún mi, "o ti kó mi síṣẹ́."

Oṣù parí, ìyá mi sì wá láti abúlé, nítorí ọ̀gá mi ti ránṣẹ́ pè wọ́n. Nígbà tí mo rí àpò ọwọ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó òòyà mi jọ. Ọ̀gá mi mú wọn jókòó sórí àga, wọ́n bá wọn tú gèlè orí wọn, ọ̀gá mi sì yíjú sí mi. "Bi ìyá ẹ ní ìbéèrè ẹ yẹn."

Mo ní, "Ìyá mi, kí lẹ rí lónìí?"

Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mú tèmi. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú, kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn. Wọ́n gbé àpò wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ti ìrì tó wà lórí ewé kókò, ti aláǹgbá tó wọ mọ́tò tẹ̀ lé wọn, ti ọmọ kan tó ń fi ẹsẹ̀ yàwòrán sínú iyẹ̀pẹ̀ ní ibùdókọ̀. Wọn ò dákẹ́, títí ọ̀gá mi fi ní, "Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ o. Orí yín ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀." Ìyá mi nìkan ló padà sílé lọ́jọ́ náà, èmi dúró sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Àwọn ọmọdébìnrin ń gbé fóònù wá, mi ò sì bínú sí fóònù, nítorí òun ló jẹ́ kí Tíṣà rí ẹ̀yìn ara wọn. Mo máa ń ṣe iwájú fún wọn bó ti wà nínú àwòrán. Tí mo bá dé àárín orí, màá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí. Àwọn kan á ní, "Fóònù ni mo rí, mà." A ó jọ rẹ́rìn-ín, màá sì dì í bí mo bá ti lè dì í. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún padà wá, mo máa ń ṣàkíyèsí pé wọn kì í dúró kí n béèrè mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan sáré wọlé láti Olúpọ̀nnà, eruku lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Àǹtí, ẹ tètè, kó tó lọ lójú mi."