Ìyá Kòkòkò àti Èmi

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi sùn kí ẹlòmíràn tó fi mí sùn. Èmi àgbàlagbà, tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, tó ní ọmọ mẹ́ta àti orúnkún tó máa ń sọ̀rọ̀ tí òtútù bá ti mú, èmi ni mo di ẹrú fíìmù Koria.

Kì í ṣe irú èyí tí ọmọkùnrin arẹwà kan ti ń sunkún nínú òjò o. Ìyẹn, àwọn ọmọ mi ló ń wò ó. Tiwa dá lórí obìnrin mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Seoul, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lé ipò bí ajá ọdẹ ṣe ń lé ẹran. Mo ní "tiwa" nítorí pé àwa méjì la jọ ń wò ó, èmi àti àbúrò mi kan. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ọ́fíìsì ló bí wa pọ̀.

Martindale ni àdúgbò tí ilé mi wà ní ìlú òyìnbó níbí, tiẹ̀ wà ní Skyview Ranch. Ní àràárọ̀, ọkọ rẹ̀ á já a sílẹ̀ níbi tí a ti ń wọ train, èmi á sì ti dúró níbẹ̀, imú mi á ti pọ́n nínú òtútù. Tí a bá ti rí ìjókòó méjì, màá yọ fóònù mi, òun á yọ earpiece rẹ̀ olókùn: etí kan fún mi, etí kan fún un. Ọmọbìnrin mi ti ra èyí tí kò ní okùn fún mi, inú dúrọ́ọ̀ ló wà títí dòní. Okùn yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi. Bí ọ̀kan nínú wa bá fi ẹ̀rín takìtì, á fa etí ẹnì kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, etí mi kọ́ lẹ fẹ́ fi rẹ́rìn-ín."

A kò lè pe orúkọ Koria wọn, a bá fún wọn ní tiwa. Èyí tó kéré jù, tó ń ṣiṣẹ́ bí aago, a pè é ní Má-sùn. Ẹnì kejì tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, a pè é ní Eyín-funfun. Ọ̀gá wọn, obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, tí bàtà gogoro rẹ̀ máa ń dún kò-kò-kò lórí ilẹ̀ dídán kí ojú tó rí i, òun ni Ìyá Kòkòkò. Àwọn ará ibẹ̀ ń tẹrí ba fún àgbà, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n sì ń jẹ ata. Àbúrò mi ní, "Yorùbá ni wọ́n jàre. Èdè nìkan ló bà wọ́n jẹ́."

Òun ló kọ́kọ́ yan ara rẹ̀ ní Má-sùn. Ó bi mí pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Èwo lẹ̀yin?"

"Èmi? Èmi ni ìyá tó ń bu ọbẹ̀ fún wọn ní ìsàlẹ̀ ilé. Kò sẹ́ni tó ń lé e kúrò, kò sẹ́ni tó ń gbé e ga."

A rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́.

Iṣẹ́ wa ni ká yẹ àwòrán páìpù wò kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo. Bí ìlà kan bá yà sí ibi tí kò yẹ, àwa la máa rí i. Mo ti wà níbẹ̀ kí àbúrò mi tó dé. Èmi ni mo sọ fún un pé àyè ṣí sílẹ̀, èmi ni mo mú un mọ Plus 15, afárá onígíláàsì tí a ń gbà lókè láti ilé gogoro kan bọ́ sí òmíràn kí snow má baà rí wa mú. Ní Èkó, odindi ẹ̀ka kan ló wà lábẹ́ àbúrò mi. Níbí, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, ó ti mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tó kọ́ ọ lọ, ẹni tó kọ́ ọ sì ni èmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti lẹ́tà kan, nítorí pé lẹ́tà náà yóò padà wá bá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà ooru kan. Mo jókòó, mo kọ̀wé nípa rẹ̀ sí ọ̀gá wa bí wọ́n ṣe tọ́ mi: ọmọ dáadáa ni, ó ń bọ̀wọ̀ fágbà, ó ṣì kéré, ẹ bá wa mójú tó o. Àbúrò mi kà á, ó gbé orí lé tábìlì, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ yìí ni, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún un? Wọn kì í gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀ níbí o. Ẹ kọ outstanding."

"Outstanding kẹ̀? Ọmọ tí kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló fẹ́ wá tẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Wọ́n gbà á.

Nígbà tó yá, olórí ikọ̀ wa kó lọ sí Vancouver, àga rẹ̀ ṣófo. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí àga náà tọ́ sí, torí pé ó ti pẹ́ tí àbúrò mi ti ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ láìní àga. Kó tó kọ̀wé béèrè fún àga náà, ó wá sí ìdí tábìlì mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí n bi yín ná. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ débí. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, mi ò ní débẹ̀ rárá."

"Èmi? Kí n wá fi ọjọ́ alẹ́ mi máa jókòó sí ìpàdé? Lọ gbà á, ọmọ dáadáa. Tí o bá dé ìjọba rẹ, rántí mi."

Ohun tí mi ò sọ fún un nìyí: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé béèrè fún àga yẹn kó tó dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, tí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Èyí àkọ́kọ́, mo sọ fún ọkọ mi. Èkejì, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ya àwòrán ìyá rẹ̀ lórí àga pupa kan tó tóbi ju ilé lọ. Àbúrò mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti jẹ gbèsè àga o. Ọmọ yìí á bi mí."

Ní ọjọ́ Tuesday kan, èmi àti ọ̀gá wa jọ ń lọ ra kọfí. Òyìnbó ni, onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn, kò ní ìkà nínú. A wà lórí afárá onígíláàsì, bàtà mi ń dún lábẹ́ mi, ó bi mí nípa àbúrò mi: "You know her best. Is she ready?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ọmọdé ṣì ni, pé ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́, pé a ṣì ń wò ó.

Ó mi orí, ó ní, "That's helpful," a sì ra kọfí.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé mo ṣe dáadáa. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ ẹni níta nìyẹn? Lọ́dún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn aládùúgbò wá bá ìyá mi yọ̀. Ìyá mi ní, "Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run o, orí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé." Ipò kìíní ni mo gbà níléèwé wa lọ́dún yẹn. Ará ìta kì í yin ọmọ ẹni kí ẹni tó ni ín tún gba orin náà kọ.

Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kọfí tí mo mu lọ́jọ́ yẹn dùn ju bó ṣe ń dùn lọ. Mo fura sí i.

Ọjọ́ Thursday, nínú train, a dé ibi kan nínú fíìmù wa. Má-sùn fẹ́ di olórí ẹ̀ka. Alága ilé iṣẹ́ pe Ìyá Kòkòkò sí yàrá rẹ̀, ó bi í bóyá ọmọ náà tó o ṣe. Ìyá Kòkòkò gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jáde nísàlẹ̀ fóònù: ọmọ náà dára, ṣùgbọ́n kò tíì gbó.

Àbúrò mi fò sókè, okùn fa etí mi.

"Ẹ ò rí ìyá burúkú yìí! Ẹ wo ẹ̀rín ẹ̀! Ó fi ife tíì pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Ọkùnrin kan tó gbé àṣíborí iṣẹ́ lé orókún yíjú wò wá.

"Mo rí i," mo dáhùn.

"Ọmọ yìí ò sùn láti apá kìíní! Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run má jẹ́ ká bá irú ẹ̀ pàdé."

"Àmín."

Kí àmín náà má baà ṣe tín-ín-rín, mo fi kún un pé, "Ẹnu ẹ̀ ni yóò pa á."

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ o. Mi ò mọ bí a ṣe dé àárín ìlú. Bí a ti wọ ọ́fíìsì, mo lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá wa láti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó wà nínú ìpàdé. Mo ní màá padà wá. Lọ́sàn-án, mo mú ìrẹsì mi gbóná, mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ abọ́ rẹ̀, mo tún fọ ìkòkò tí kì í ṣe tèmi. Mi ò padà lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n fún ọmọkùnrin kan ní àga náà, ẹni tí àbúrò mi kọ́ ní bí a ṣe ń ṣí àwòrán lórí kọ̀ǹpútà lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá wa pe àbúrò mi, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kó má banújẹ́, pé ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tó sì fẹ́ràn rẹ̀, ló sọ pé ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wá sí ìdí tábìlì mi. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, èmi náà sì fi ẹ̀rín sẹ́nu, kí àwọn tó yí wa ká lè rò pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ la ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún ọ̀gá nípa mi?"

"Ìwọ náà mọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ ẹni níta. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá tèmi náà ń sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ńkọ́?"

"Èwo?"

"Èyí tí kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìwé orí tábìlì mi.

"Outstanding lẹ kọ. Ojú mi ló ṣe. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ níbí, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo kọ́ yín." Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ àga yẹn ni? Mo wá bi yín. Ká ní ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ẹ, èmi ni màá bá yín gbé e."

Ibi tó yẹ kí n ti sọ nípa ẹ̀ẹ̀mejì tí mo béèrè fún àga náà nìyẹn. Mo ní, "Jẹ́ ká lọ jẹun."

"Mo ti jẹun, mà."

Kó tó lọ sílé, ó yọ àwòrán àga pupa kúrò lára ògiri. Ó ká a jẹ́ẹ́, bí ẹni ká ìwé tí wọ́n á tún kà.

Láti ọjọ́ yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kí mi. "Good morning, ma." Orúnkún rẹ̀ á sì tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò fi ọ̀wọ̀ mi dù mí lọ́jọ́ kan. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá bẹ̀ ẹ́. Báwo lènìyàn ṣe ń bẹ ẹni tó kúnlẹ̀ fún un? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ train tó ṣáájú tiwa.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo gbọ́ pé ó ń wá iṣẹ́ sí ilé gogoro mìíràn, ní òdìkejì afárá. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Outstanding wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo gbé e fún un. Ó kà á dé òpin, ó dá a padà sọ́wọ́ mi, ọwọ́ méjèèjì ló fi fún mi.

"Thank you, ma. I already have someone."

Lọ́jọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ wa, mo bá earpiece rẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ti wé okùn rẹ̀ dáadáa. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀.

Mo ti wo fíìmù náà tán. Ní apá tó kẹ́yìn, Ìyá Kòkòkò lọ bẹ Má-sùn, Má-sùn sunkún, àwọn méjèèjì jọ jókòó níwájú ìyá ọlọ́bẹ̀, wọ́n mu ọbẹ̀ gbígbóná. Irọ́ ni. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí. Mo wò ó láàárọ̀ nínú train, láti Martindale dé àárín ìlú, pẹ̀lú okùn yẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi etí méjèèjì gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀kan wà létí mi. Èkejì rọ̀ sílẹ̀ dé orókún mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ìjókòó tó ṣófo.