Àgbo tí Ràdíátù rẹ fún àbúrò rẹ̀

Ní Málù Road tí Ràdíátù ti ń ta àgbo, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé ọtí tí Àṣírù àbúrò rẹ̀ ń mu, àfọwọ́fà ni. "Ta ló là á lẹ́nu?" Tírélà ni Àṣírù ń wà ní Àpápá kí ọtí tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Reuben tó ni ọkọ̀ ní òun máa dá a padà síṣẹ́ tó bá lè lo oṣù mẹ́ta láìmutí. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ wá yanu, kó mí sí òun.

Regina, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń gbélé ní Ajégúnlẹ̀, ló gbà á sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí, ẹ yéé bú u. Àìsàn ni."

"Àìsàn kẹ̀!" Àmọ́ nígbà tí Ràdíátù rí i tí ọwọ́ Àṣírù ń gbọ̀n, tí kò lè gbé ife omi dẹ́nu, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, kò bú u mọ́. Regina mú un lọ sọ́sípítù, Àṣírù sì fara dà á.

Ó ku ọjọ́ kan kó gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní òun ò rí oorun sùn. Ẹ wò ó, inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Bó bá jẹ́ àìsàn, kí ni alágbo máa fi wò ó? Ràdíátù kó egbòogi àti kàfúrà sínú ìgò, ó da ògógóró lé e, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ ní ọtí ló ń tà! Á ṣán hìjáàbù rẹ̀ mọ́ra, á bá yín jà. Oògùn ni.

Àṣírù gbóòórùn ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi rẹ ẹ́?"

"Gbé e mì jàre. Oògùn ni."

Kílẹ̀ tó ṣú, ìgò ti gbẹ. Lọ́jọ́ Ajé, ó mí sí Reuben. Reuben ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò padà: "Oga, go house."

Regina ṣàlàyé fún Ràdíátù pé ògógóró inú àgbo náà ló dá Àṣírù padà sídìí ọtí. Ràdíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àṣírù dúró níwájú igbá àgbo, ó na ife sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi. Ẹ̀yin náà lẹ ní oògùn ni."